Ìyá Ṣàgámù

Àwọn tó lọ sí Kánádà a máa ròyìn yìnyín, àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù a máa ròyìn òtútù. Èmi ò rí yìnyín kankan. Mọ́tò ni mo wọ̀ ní Kétu láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ mo ti dé Ṣàgámù, Yorùbá ni wọ́n sì fi kí mi káàbọ̀. Síbẹ̀, òkèèrè ni mo dé. Ẹni tó bá ní kì í ṣe òkèèrè, kó wá jókòó tì mí ká jọ sọ ọ́, mo ti ń retí irú wọn tipẹ́.

Kétu tiwa wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Ọmọ Odùduwà ni wá, a ní ọba, a ní oríkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde lọ ra búrẹ́dì ní Makun, ní Ṣàgámù níbí, obìnrin tó ń tà á tẹ́tí sí mi, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí ìkejì rẹ̀ pé, "Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ará Kútọnù!" Kútọnù kẹ̀? Ìwé nìkan ni mo lọ kà ní Kútọnù, wọn ò bí mi síbẹ̀, n ò sì bí ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni màá ṣàlàyé fún? Mo gba búrẹ́dì mi, mo lọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ò wúlò fún mi mọ́. Ará Kútọnù ni mo ń jẹ́ lọ́jà, Màdáàmù Kútọnù ni mo ń jẹ́ níléèwé.

Yorùbá tí mo bá níbẹ̀ gan-an ń sá fún mi. Àwọn àgbà Rẹ́mọ máa ń sọ tiwọn láàárín ara wọn, mo máa ń gbọ́ ìdajì. Àwọn ọ̀dọ́ á da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, wọ́n á da èdè ìgboro Èkó mọ́ ọn, wọ́n á tún sáré sọ ọ́, ìyẹn n kì í tilẹ̀ gbọ́ tó ìdajì. Tí mo bá ń ṣírò owó lọ́jà, Faransé ló ń jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn tó dúró nítòsí á sì máa wò mí bí ẹni tó ń pọfọ̀. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé irú àsáró wo nìyí. Áà! Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi jáde nílé.

Ilé Alhája kan ni mo gbà sí ní Makun. Oníṣòwò obì ni Alhája, apẹ̀rẹ̀ obì gbàǹja ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó dé yàrá rẹ̀. Èmi àti olùkọ́ mìíràn la jọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Kò sáyè ọmọdé níbẹ̀. Mo sì lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní Gàbọ̀n pẹ̀lú ìyàwó mìíràn, kí Ọlọ́run máa bá wọn gbé. Nígbà tí mo fi Kétu sílẹ̀, Àṣàkẹ́ ò tíì mọ bàtà wọ̀ tí kò ní gbé tòsì sí tọ̀tún. Mo gbé e lé màmá mi lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ bá mi mú un dání díẹ̀. Tí mo bá ti ríbi jókòó, màá wá mú un."

Màmá mi wojú mi. Wọ́n ní, "Díẹ̀ náà ni o."

Faransé ni iléèwé kan ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí náà, gbà mí láti máa kọ́. Obìnrin tó ni iléèwé ọ̀hún, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ àlùfáà ni wọ́n láti Ìkẹ́nnẹ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín lásán. N ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi gba ìlú òyìnbó lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí.

"Ṣebí ìwọ lo ní Gẹ̀ẹ́sì lo kà ní yunifásítì?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n Faransé lẹ ní kí n wá máa kọ́ wọn."

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo wá ní kí o máa kọ́ wọn báyìí. Kíláàsì tó kẹ́yìn ni màá fún ọ. Àkàyé ló máa ń gbé wọn ṣubú jù."

Bí àwọn òbí ṣe gbọ́ ni wọ́n figbe ta. Ará Kútọnù ni yóò kọ́ ọmọ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ? Ojú fèrèsé ni mo wà tí mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú ń bí mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣèdánwò rí mọ bí àkàyé ṣe rí. Wọ́n á fún èèyàn ní àyọkà, á kà á, á dáhùn ìbéèrè lórí ohun tó kà. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Àwọn ọmọ mi ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí omi tó ń ṣàn, ẹnu wọn dùn ju tèmi lọ. Àyọkà àkọ́kọ́ tí mo fún wọn sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin òyìnbó kan tó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó gba orí òdòdó tí màmá gbìn síwájú ilé kọjá, ó tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kí màmá, màmá ò dá a lóhùn. Ìbéèrè: kí ló bí màmá nínú? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló kọ ọ́ pé ọmọ náà ò dọ̀bálẹ̀ ni. Ọ̀kan tilẹ̀ fi kún un pé ọwọ́ òfo ló gbé wá.

Mo pe Sàkírátù dìde. Ọmọ ọmọ Alhája onílé mi ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Sàkírátù, níbo ni ìdọ̀bálẹ̀ wà nínú ohun tí o kà?"

"Kò sí níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ohun tó bí wọn nínú nìyẹn. Màmá wo ló máa torí òdòdó bínú? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo wá ń sọ lójoojúmọ́ títí ó fi sú wọn: "Ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ rí. Ẹ má fi ohun tó wà lọ́kàn yín dípò rẹ̀."

Mo wá rí i pé ojú lásán ni wọ́n fi ń kàwé. Bí wọ́n bá pa ìwé dé, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Èmi ńkọ́, báwo ni mo ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ṣebí èdè àjèjì lórí èdè àjèjì ló jẹ́ fún mi. Tí mo bá ka ojú ìwé kan tán ní Kútọnù, mo máa ń pa á dé, màá sọ ọ́ fún ara mi ní Yorùbá, bí ẹni ń sọ ọ́ fún màmá mi nídìí ààrò. Tí n ò bá lè sọ ọ́ báyẹn, n ò tíì kà á nìyẹn. Mo ní kí àwọn ọmọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Wàhálà dé. Èèwọ̀ ni Yorùbá níléèwé wa. Ọmọ tó bá sọ ọ́, wọ́n á gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé olóríkunkun ni, á sì máa gbé e kiri títí di àkókò ìlọlé. A wá ń ti ilẹ̀kùn, à ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí olè. Ó di ọjọ́ kan tí Sàkírátù ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ra ẹṣin arọ, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣe bí ẹṣin ọ̀hún ṣe ń rìn, kíláàsì ń hó yèè. Ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́mì ló dúró síbẹ̀.

"Ṣé Yorùbá ni mo gbọ́ yẹn? Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì? Níléèwé tèmi?"

"Yorùbá ni, mà."

"Tẹ̀lé mi."

Ní ọ́fíìsì, wọn ò ní kí n jókòó. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Tí wọ́n bá fìdí rẹmi ńkọ́?"

"Kí ẹ lé mi, mà."

"Màá kúkú lé ọ. Tí wọ́n bá wá yege ńkọ́?"

N ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà. Mo ní, "Ẹ fún mi ní yàrá tó wà lẹ́yìn iléèwé yẹn, mà. Kí ọmọ mi wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi, kó máa kàwé níbí."

Mọ́mì ní, "O lọ́mọ?"

Ẹ ò rí nǹkan. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo lọ́mọ. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mo sì kórìíra ara mi pé ó bọ́. Mọ́mì dá awò ojú wọn padà. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Tí wọ́n bá yege, wàá gba yàrá náà. Padà sí kíláàsì rẹ. Ẹ rọra máa pariwo."

Mo wá ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mò ń kọ́ wọn láàárọ̀, mò ń kọ́ wọn tí iléèwé bá jáde, mò ń kọ́ Sàkírátù pẹ̀lú bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ṣa obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á ka ìpínrọ̀ kan, á pa ìwé dé, á sọ ọ́ fún Alhája. Alhája á ní, "Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ò lè fi ilé rẹ̀ tọrẹ." Sàkírátù á ní, "Ohun tí ìwé sọ nìyẹn, Alhája, ẹ má fi tiyín kún un." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ mo máa ń gbàgbé pé àlejò ni mí. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Màmá mi ló máa ń gbé fóònù, wọ́n á kígbe pe ọmọ: "Àṣàkẹ́, sáré wá o, ìyá rẹ ti Ṣàgámù ń pè ọ́!" Ọmọ á gba fóònù, á kí mi bí àgbàlagbà.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Ṣàgámù. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo ní ẹ wá gbọ́ orúkọ tí ọmọ mi fún mi, Ìyá Ṣàgámù, bíi pé èmi ni mo tẹ ìlú dó! Inú mi á máa dùn pé màmá mi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní eyín òun ti yọ.

"Háà, eyín iwájú? Ta ló bá ọ jù ú sórí òrùlé?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n ní kí aláǹgbá má rí i."

Ìyá mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní nínú ara mi pé, ṣebí ìyá mi náà ni, ìyá gbogbo wa ni. Ọjọ́ tí mo sọ fún un nípa yàrá tí Mọ́mì ṣèlérí, mo bi í pé, "Ṣé o fẹ́ wá bá mi gbé?"

Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá mi ní kí n ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ yìí gbọ́n o.

Wọ́n ṣèdánwò. A dúró de èsì títí ara mi fi gbẹ, Alhája ń pariwo pé kí n jẹun, pé èmi kọ́ ni mo ṣèdánwò. Ọjọ́ tó jáde, Sàkírátù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, ó ta ẹsẹ̀ lu apẹ̀rẹ̀ obì kan, obì fọ́n káàkiri ilẹ̀, kò wẹ̀yìn. "Màdáàmù! Mo ti yege Gẹ̀ẹ́sì! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa!" A dì mọ́ra, à ń fò, à ń tẹ obì mọ́lẹ̀, Alhája ń ṣépè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin oníbúrẹ́dì gbọ́. Ó pè mí láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́," ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun wo ọmọ òun tó ń bọ̀ ní kíláàsì náà. Mo ní màá rò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Mọ́mì ò yẹ àdéhùn. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí ọmọ wọn sùn sí rí. Mo kun ògiri. Mo ra bàtà iléèwé, ó tóbi jù, torí n ò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ mi. Mo lọ mú Àṣàkẹ́ wá.

Kò sunkún nígbà tí a ń bọ̀. Kò sunkún nígbà tí a dé. Ó to aṣọ rẹ̀ sínú àpò tó gbé wá, kò kó o sínú àpótí tí mo rà fún un. Láàárọ̀ á ti jí ṣáájú mi, á ti gbálẹ̀, á ti jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé o, mà." Tó bá fẹ́ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á tọrọ àyè. Mo ní, "Àṣàkẹ́, ilé rẹ nìyí, má tọrọ àyè mọ́." Ó ní, "Ẹ ṣé o, mà." Níléèwé, wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fi tèmi ṣe, àmọ́ mo lẹ́nu tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Òun ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ó ń rù. Mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Alhája, Alhája fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní, "Kò sí ibà lára ọmọ yìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wo ojú rẹ̀."

Èmi ò fẹ́ wò ó. Mo ní á mọ́ra tó bá yá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mò ń wo iṣẹ́ àkàyé kíláàsì tuntun, Àṣàkẹ́ wà lóde. Ọmọ kan tún ti fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dáhùn. Mo mú báírò pupa, mo kọ ọ́ sí i pé, "Níbo lo ti rí èyí nínú ìwé?" Mo gbọ́ ohùn Àṣàkẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Ó ti mú fóònù mi, ó ń bá màmá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún, ó ń sọ Kétu wa kíkankíkan, ó ń ní, "Ìyá mi, mo ti gbálẹ̀, mo ti fọ abọ́, n ò ṣẹ̀ wọ́n rárá. Ẹ wá mú mi. Ẹ ti pẹ́ jù."

Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ yìí ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá Èkó, Bàbá Ìbàdàn, gbogbo ẹbí ló ní wọn: àwọn tó ń wá lọ́dún, tó ń mú bisikíìtì wá, tí wọ́n ń sin dé ìdí mọ́tò. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn. "Ìyá mi ní kí n ní bẹ́ẹ̀ ni." Kí ló ṣòro níbẹ̀? Sàkírátù á ti rí i. Èmi tí mò ń fi ẹ̀kọ́ àkàyé jẹun, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí mo bí, mo sì ń fi í pani lẹ́rìn-ín níléèwé. Mo káwọ́ lérí, mo sunkún títí Àṣàkẹ́ fi wọlé, ó bá kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé òun ò ní mú fóònù mọ́.

Mo lè fi agbára dá a dúró. Èmi ni mo bí i, ta ló máa bá mi jà? Mo rò ó, mo rò ó. Alhája ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Òótọ́ ni. Ọmọ yìí ló nílé, èmi ni mo fà á kúrò nínú rẹ̀. Tèmi ni n ò lè sọ ibi tó wà. Ní Ṣàgámù, ará Kútọnù ni mí. Ní Kétu, àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ́lé, wọ́n ti sọ ìtàn kún ìtàn, tí mo bá dé wọ́n á gbé àga fún mi kí wọ́n tó padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí mo rò pé ilé mi wà ni ara ọmọ yẹn. Mo bá a di àpò rẹ̀. Kò gba àsìkò, ó ti dì í tẹ́lẹ̀.

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà màmá mi ní Kétu tó ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó sáré, bàtà ńlá yẹn bọ́ sílẹ̀ ní àgbàlá, kò dúró mú un. Ó forí lu ikùn màmá mi, àwọn méjèèjì ṣubú jókòó. Màmá mi gbé ojú sókè wò mí, omi ń dà lójú wọn.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ilé ló ń wá."

"Dárí jì mí," wọ́n ní. "N ò gbà á lọ́wọ́ rẹ o."

"Mo mọ̀, Màámi. Èmi ni mo ní kí ẹ mú un dání."

Kò pẹ́ tí ara ọmọ fi yá. Ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ó ń kọrin, ó ń fi ewúrẹ́ tó bímọ hàn mí, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé ẹní tó dára jù nílé wá sí pálọ̀, ó tẹ́ ẹ fún mi, ó na igun rẹ̀ gún régé. Òun wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò mi dé ìdí mọ́tò, kò gbà kí n bá a gbé e. Mo dì mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà ṣe ń ṣe. Awakọ̀ ní ká máa lọ. Àṣàkẹ́ sáré bọ̀ létí fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tuntun ti hù tán.

"Ó dàbọ̀ o, mà! Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé!"

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́."